Mo Gbà Á Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ máàsítà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti òfin ìdájọ́ àgbáyé, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni èmi àti ìyá mi ń jẹ. Owó oṣù kì í jáde lásìkò, ìgbà mìíràn kì í jáde rárá. Epo mọ́tò di ohun tí à ń tò fún láti àárọ̀ kùtù, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ti Ìgbàrà-Òkè wá sí Àkúrẹ́ a sì máa dé ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án, pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́.

Ògbufọ̀ kóòtù ni mí. Tí ẹlẹ́rìí tàbí olùjẹ́jọ́ kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mo máa ń dúró tì í, tí mo ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún adájọ́, tí mo sì ń sọ ọ̀rọ̀ adájọ́ fún un. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é ní Oǹdó kí wọ́n tó gbé mi padà sí Àkúrẹ́ tí í ṣe ìlú mi.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ìfẹ́ ìdájọ́. Mo fẹ́ sá lọ ni. Mo ti rí ilé ẹjọ́ àgbáyé kan rí lórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń dá ọ̀gágun kan lẹ́jọ́. Àwọn ògbufọ̀ jókòó sínú yàrá onígíláàsì, wọ́n fi íápíìsì sétí, ife omi tútù wà níwájú oníkálukú wọn. Mo wo omi yẹn ju bí mo ṣe wo ọ̀gágun náà lọ. Mo sọ fún ara mi pé iṣẹ́ tí èmi náà ń ṣe nìyẹn, ibi tí a ti ń ṣe é ló yàtọ̀. Nígbà tí mo gbọ́ pé yunifásítì kan ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà lórí fóònù, tí wọ́n sì ń gba ẹni tí kì í ṣe lọ́yà, a ta ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi. Ìyá mi fúnra wọn ló ní kí n tà á.

Ilé ẹ̀yìn kan là ń gbé ní Ìjàpọ̀, lẹ́yìn ilé ńlá ọ̀gá ìjọba kan tó ti fẹ̀yìn tì. Iná ò sí, onílé sì ti dẹ́kun títan jẹnẹrétọ̀. Nítorí náà, ní ọ̀sán Sátidé tí kíláàsì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, màá gbé fóònù àti ìwé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ní sólà, baba tó ń tọ́jú ibẹ̀ á sì ṣí yàrá tí àwọn akọrin ń kó aṣọ wọn sí fún mi. Àárín aṣọ funfun àti aṣọ dúdú tó ń rùn káńfọ̀ ni mo ti kọ́ nípa ìpakúpa, nípa òwò ẹrú, nípa àwọn aráàlú tí ìjọba tiwọn lé kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ tó jìnnà sí mi ni gbogbo rẹ̀. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀, mò ń ronú nípa fíísà.

Sátidé kan, olùkọ́ wa, obìnrin kan tí kò ju ẹgbẹ́ mi lọ, tí n kò tíì fojú kàn rí, wá kan ọ̀rọ̀ ìgbẹ́jọ́ tó tọ́.

Ó ní, “Ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́, tí kò gbọ́ èdè kóòtù, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ògbufọ̀ jẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣàánú rẹ̀. Ó wà nínú àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí, ó wà nínú òfin tiwa náà. Bí ògbufọ̀ bá wá sọ ohun tí ẹni náà kò sọ, ta ni adájọ́ dá lẹ́jọ́?”

Ó ní kí oníkálukú wa lọ kọ àròkọ kan láti inú iṣẹ́ tó ń ṣe, kí ó sì gbé e ka orí òfin tí a ń kọ́.

Inú mi dùn. Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún mi. Ní gbogbo ọdún tí mo lò ní Oǹdó, mo ní ìwé kékeré kan tí mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ olùjẹ́jọ́ sí ní Yorùbá, bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kí n tó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tó bá kún, màá jù ú sínú páálí kan ní yàrá ìkó-fáìlì-sí. Mo rò pé màá wá ẹjọ́ kan jáde nínú wọn, níbi tí ògbufọ̀ dáadáa ti gba ẹnì kan sílẹ̀. Ògbufọ̀ dáadáa náà, èmi ni.

Mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ mọ̀ mí, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Mo dojú báskẹ́ẹ̀tì kan dé, mo jókòó lé e, mo sì ń ka ara mi. Ẹjọ́ ilẹ̀. Ẹjọ́ àwọn tó já kòkó nínú oko olóko. Ẹjọ́ obìnrin tó da omi gbígbóná lu orogún rẹ̀. Mò ń rẹ́rìn-ín níbòmíràn. Ìgbà tó yá ni mo dé ojú ìwé kan tó ní ọ̀rọ̀ díẹ̀:

“Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n mi—”

Ibẹ̀ ni mo fa ilà sí. Ilà kan ṣoṣo, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo kọ “ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà” sí.

Mo rántí ọkùnrin náà. Ọlọ́kadà ni, kò tíì pé ogójì ọdún. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó fi ipá gba alùpùpù lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Adájọ́ bi í pé báwo ni alùpùpù ṣe dé ọwọ́ rẹ̀, ó sì dáhùn.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ohun méjì ni “mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀” lè jẹ́. Bí ìyá bá na ẹran sí ọmọ, ọmọ á gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bí olè bá dá obìnrin lọ́nà, òun náà á gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀lé e ni yóò sọ èyí tó jẹ́. Mo yọ fáìlì ẹjọ́ náà. Adájọ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ Gẹ̀ẹ́sì tí mo sọ sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà sì ni pé ọkùnrin yìí já alùpùpù gbà. Lábẹ́ rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sí pé olùjẹ́jọ́ kò ní ẹlẹ́rìí.

Ọjọ́ náà padà wá sọ́kàn mi díẹ̀díẹ̀. Àkúrẹ́ ni mo sùn mọ́jú lọ́dọ̀ ìyá mi, orí ìdúró ni mo wà nínú bọ́ọ̀sì débẹ̀, n kò jẹun. Ẹjọ́ pọ̀, inú ń bí adájọ́, ó sì ń fi pẹ́ńsù lu tábìlì: “Ògbufọ̀, kí ló wí?” Ọkùnrin náà ń sọ èdè Oǹdó wàràwàrà, ẹ̀rù ń bà á. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí. Mo máa ń gbọ́ Oǹdó bí ẹni tó ń sọ ọ́ bá fara balẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ń sáré, ìdajì a máa bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìdajì bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí n sọ pé, “Olúwa mi, n kò gbọ́ ọ tán, ẹ jẹ́ kó tún un sọ.” Ojú tì mí. Àpá ńlá kan sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà, mo wò ó, mo rò pé ojú olè ló ní. Mo fi èyí tí mo rò kún èyí tí mo gbọ́.

Mo ka oṣù lórí ìka. Ọdún kẹta ló wà nínú ẹ̀wọ̀n.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni n kò fẹ́ràn láti sọ. Mo padà sí Àkúrẹ́, mo kọ àròkọ náà. Mo kọ ọ́ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni. “Ògbufọ̀ kan wà,” bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ dáadáa, nítorí ó ń jó mi nínú, ohun tó bá sì ń jóni nínú kì í ṣòro láti kọ. Èmi ni mo gba máàkì tó ga jù. Olùkọ́ ka apá kan rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ gbogbo kíláàsì. Mo jókòó sáàárín aṣọ àwọn akọrin, mò ń gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn rédíò, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ń yìn mí.

Olùkọ́ wá bi mí pé, “Ọkùnrin náà ńkọ́, mà? Níbo ló wà báyìí?”

Mo ní, “Ẹ̀ẹ́lò? Ẹ̀ẹ́lò? Nẹ́tíwọ̀kì ò dára níbí o.” Mo sì pa fóònù.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń da oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan tí à ń jẹ padà sínú ìkòkò. Ìyá mi bi mí léèrè títí mo fi sọ. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà lórí àtẹ, wọ́n ṣà á tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní, “Ọmọ ẹlòmíì ló wà ní ulé ẹ̀wọ̀n ọ̀hún.”

“Mo mọ̀, mà.”

“O ò mọ̀. Bó o bá mọ̀, o ò ní jókòó tì mí níbí.”

Àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà wà nínú fáìlì, nínú ìwé béèlì tí wọn kò gbà. Mo tún gba Oǹdó lọ. Obìnrin náà ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ra kòkó, òun ló ń bá wọn sá a. Mo bá a ní ìta ilé ìtọ́jú kòkó náà, ó ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó ká lórí tapólì. Kò ju mí lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ oòrùn ti sọ ọ́ di àgbà. Ó rò pé ará ṣọ́ọ̀ṣì ni mí.

Mo ní, “Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ni mo bá wá. Èmi ni ògbufọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀.”

Ó dúró. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ewé lọ́jọ́ náà?”

N kò rántí aṣọ tí mo wọ̀. Mo bi í bóyá ó wà nínú kóòtù.

“Wọn ò jẹ́ kí n wọlé. Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ní ẹlẹ́rìí kì í wọlé títí wọ́n á fi pè é. Mo ti wẹ̀, mo ti múra, ìwé máṣìnnì wà lọ́wọ́ mi nínú ọ̀rá. Ojú mi ni onímáṣìnnì ṣe kó kọ́kọ́rọ́ lé àbúrò mi lọ́wọ́ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, pé kó máa gùn ún, kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó san án tán lọkùnrin yẹn yí ohùn padà. Àbúrò mi ní òun máa sọ fún adájọ́ pé kí wọ́n pè mí. Mo wá ń retí kí wọ́n pè mí. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi mú un jáde pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́.”

Báyìí ni mo ṣe mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilà tí mo fà. Ẹ̀gbọ́n mi wà níta, ẹ pè é. Ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ nìyẹn.

Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ìwé kékeré mi, ilà tí mo fà, àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́. N kò fi ọ̀kan pamọ́. Mo ń retí kó gbá mi létí, inú mi ì bá dùn bó bá gbá mi. Ó wo ojú ọ̀run, òjò ti ṣú.

Ó ní, “Ẹ bá mi kó o. Bí òjò bá pa á, ó di gbèsè sí mi lọ́rùn.”

A jọ tẹ̀ ba, a di etí tapólì mú, a ń wọ́ kòkó náà wọ abẹ́ páánù, a tún padà sáré lọ fi ọwọ́ gbá èyí tó dànù jọ. Òjò dé, ó pa wá. Nígbà tí a dúró sábẹ́ páánù tí omi ń kán lára wa, mo ní kó bá mi sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀ bó bá lọ kí i.

Ó mi orí. “Ẹ lọ sọ fún un fúnra yín. Èmi ò ní bá yín túmọ̀ rẹ̀.”

Dípò kí n lọ bá ọkùnrin náà, ọ̀gá mi ní Àkúrẹ́ ni mo kọ́kọ́ tọ̀ lọ. Mo fẹ́ búra lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n fi gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù gíga. Ọ̀gá mi ti ilẹ̀kùn. Ènìyàn rere ni, òun ló kọ́ mi níṣẹ́.

“Ẹjọ́ mélòó lo ti túmọ̀ láti ọjọ́ tó o ti débí?”

“Wọn ò lóǹkà, sà.”

“Tó o bá búra lórí ọ̀kan yìí, gbogbo ẹni tó wà lẹ́wọ̀n yóò ní ìwọ lo sọ òun sí i. Wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Nínú irú àsìkò yìí? O sì ní ìyá nílé. Ọkùnrin náà á kúkú jáde lọ́jọ́ kan. Lọ jókòó.”

Mo lọ jókòó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó. Mo ń ka ìwé lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ́jọ́ Sátidé, mo ń lọ sí kóòtù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Gbogbo ẹni tó bá la ẹnu níwájú mi ni mo ń ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, títí adájọ́ fi bi mí bóyá etí ń dùn mí. Mo bá a dé ibi pé ní ọjọ́ kan, bí ẹlẹ́rìí ti sọ̀rọ̀ tán, mo dúró, ẹnu mi kò ṣí. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo pe olùkọ́ mi, tí mo sọ fún un pé èmi ni “ògbufọ̀ kan” náà. Ó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti já lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Ó ní, “Mo fura, mà. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò ní mọ̀ pé adájọ́ ń fi pẹ́ńsù lu tábìlì.” Ó wá lọ́yà kan fún mi ní Àkúrẹ́, ọ̀dọ́kùnrin kan tí aṣọ lọ́yà rẹ̀ ti ṣá, tó ń bá àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ rojọ́. A kọ ìwé ìbúra, mo fọwọ́ sí i, mo so ojú ìwé kékeré mi mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà bá a fọwọ́ sí ìwé, a pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, a sì bẹ kóòtù pé kí wọ́n gbà á bó tilẹ̀ jẹ́ pé àsìkò ti kọjá.

Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá tí a fi ìwé náà sílẹ̀ ní kóòtù ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kóòtù yanṣẹ́ lódì nítorí owó oṣù. Ẹgbẹ́ tèmi. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n irin ti gbogbo géètì kóòtù pa. Adájọ́ ò wọlé, lọ́yà ò wọlé, ìwé tí a fi sílẹ̀ wà nínú ilé tí a tì. Bẹ́ẹ̀ ni ebi ń pa mí, owó tí wọ́n ń jà fún sì tọ́ sí mi. Wọ́n ń pe orúkọ lẹ́nu géètì láràárọ̀, èmi náà mú ewé dání, mo ń kọrin pé a ò ní gbà. Mo kọrin náà títí ohùn mi fi há, mo sì mọ ẹni tí mo ti ilẹ̀kùn mọ́. Oṣù méjì kọjá bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹta náà wọlé.

Àárín ìyanṣẹ́lódì náà ni mo tó lọ bá ọkùnrin náà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Mo ti pẹ́, ó yẹ kí n ti lọ ṣáájú. Wọ́n mú un jáde sí ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò, bẹ́ǹṣì kan níhìn-ín, bẹ́ǹṣì kan lọ́hùn-ún, wọ́dà láàárín. Ó ti rù. Irun rẹ̀ ti funfun, ikọ́ ń ṣe é. Àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni mo fi dá a mọ̀.

Mo sọ ọ́ fún un ní Yorùbá tó ṣe tààrà. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó fi ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀.

“Màdáámù, kí lẹ ní mo wí?”

“Mo ní ẹ já a gbà.”

“Lọ́wọ́ ẹni tó fún mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ikọ́ mú un, ó wúkọ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Lọ́dún àkọ́kọ́, mo rò pé adájọ́ gbọ́ mi, kò gbà mí gbọ́ ni. Ìgbà tó yá mo wá rò pé wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi, kò jẹ́. Pé onímáṣìnnì ti fún un ní nǹkan. Ó gbé gàrí wá fún mi, mo ní kí wọ́n dá a padà fún un. Ọdún kan àbọ̀ ni n kò fi gbà kó rí mi.”

Mo ní níta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí títí, kò sí ẹni tó pè é.

“Ẹ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì,” ó ní. “Bó ṣe yẹ kí ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.”

Mo sọ ọ́. Ó fún mi ní alùpùpù náà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n mi rí i, ó wà níta, ẹ pè é. Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọkùnrin tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́dà sì yí ojú sí wa.

“Ó tán?”

“Ó tán.”

“Ó mà kúrú o,” ó ní. Ó dìde. “Ẹ máa lọ, Màdáámù.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ti kọjú sí ilẹ̀kùn. Kò yíjú padà, n kò sì mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Nígbà tí kóòtù ṣí, fáìlì ti ga ju ènìyàn lọ. Wọ́n sún ẹjọ́ wa síwájú, wọ́n tún sún un, wọ́n gbé adájọ́ tó mọ ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìlú mìíràn, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọ̀gá mi sọ sì ṣẹ dé ìwọ̀n kan. Wọ́n kọ̀wé sí mi kí n wá wí tẹnu mi, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́, wọ́n gbé mi lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ ìwé àṣejáde máàsítà mi, lórí ògbufọ̀ àti ìgbẹ́jọ́ tó tọ́. Lọ́tẹ̀ yìí mo kọ “èmi”. Mo yege. Ìwé ẹ̀rí náà wà nínú fóònù mi. Mo kọ̀wé sí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá mélòó kan lókè òkun, n kò gbọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ wọn.

Ọkùnrin náà parí ẹ̀wọ̀n rẹ̀, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni kóòtù gíga dá ẹjọ́ wa. Wọ́n ní ìdájọ́ àkọ́kọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọ́n fagi lé e. Lọ́yà náà fò sókè nínú kóòtù bí ọmọdé. Èmi jókòó. Ẹni tí wọ́n dá láre kò sí níbẹ̀, ó ti lọ wá iṣẹ́ sí oko kòkó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fún un ní nọ́ńbà mi. Ó pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò kí mi.

“Màdáámù, wọ́n ní ìwé ti jáde. Ẹ mú un, ẹ pàdé mi ní Ìgbàrà-Òkè. Mo fẹ́ kí ẹ kà á fún àwọn ènìyàn kan.”

Àwọn òbí ìyàwó rẹ̀ ni. Ọmọ Ìgbàrà-Òkè ni obìnrin náà. Nígbà tí wọ́n sọ ọkùnrin yìí sẹ́wọ̀n, àwọn òbí rẹ̀ wá gbé e, àti ọmọbìnrin kékeré tó bí fún un, wọ́n ní àwọn ò lè fi ọmọ fún olè.

A dé ẹnu ọ̀nà wọn. Baba ìyàwó jáde sí wa, kò ní kí a wọlé, ṣùgbọ́n ó gbọ́ pé ìwé kóòtù ni, ó sì dúró. Mo ka ìwé náà lórí ìdúró. Gẹ̀ẹ́sì ló wà, Yorùbá ni mo fi ń kà á jáde, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Bí ọ̀kan kò bá dá mi lójú, mo ń dúró, mo ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un kà.” Ọkùnrin náà dúró tì mí, ó na ọwọ́ méjèèjì sísàlẹ̀ bí ẹni tó wà níwájú adájọ́.

Nígbà tí mo kà á tán, baba náà ní, “A gbọ́. A dúpẹ́ pé ẹ kì í ṣe olè.” Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Ṣùgbọ́n ọmọ wa ti wà nílé ọkọ, ó ti lé lọ́dún kan.”

Ọkùnrin náà ní, “Ọmọ mi ńkọ́, bàbá?”

“Ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Orúkọ ẹni tó ń bọ́ ọ ló ń jẹ́ nílé ìwé.”

Ó bi baba náà ní ìlú tí wọ́n ń gbé. Baba náà wo ilẹ̀, kò sọ ọ́. A dúró síbẹ̀ títí dídúró náà fi di àbùkù, ọkùnrin náà sì dọ̀bálẹ̀ fún un, ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sí àpò àyà rẹ̀.

A rìn dé gáréèjì. Bọ́ọ̀sì Àkúrẹ́ ti kún, àyè ẹnì kan péré ló kù, wọn ò sì mọ ìgbà tí òmíràn yóò rí epo.

Ó ní, “Ẹ̀yin ẹ wọlé.”

“Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Mo fẹ́ dúró díẹ̀. Bóyá bàbá á ránṣẹ́ pè mí.”

Mo wọlé. Ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ tó gbéra, ó kọjú sí ọ̀nà ilé baba náà.